Ìwé Tí Ó Wà Lábẹ́ Ìjókòó Máṣíìnì

Ẹ̀yin ọmọ Yorùbá tí ẹ ń gbé Òkè Ọya níhìn-ín ni à ń bá sọ̀rọ̀. Ojú ewé yìí ni a fi ń kéde ìkómọ, ìgbéyàwó àti ìsìnkú. Lóṣù yìí, ọ̀rọ̀ ìtọ́jú máṣíìnì ni a fẹ́ bá yín sọ, ìsìnkú ni ó sì bí ọ̀rọ̀ náà.

Ní àkókò ọyẹ́ tí ó kọjá, ọ̀kan nínú àwọn bàbá wa ṣe aláìsí ní abúlé kan tí ó jìnnà sí ìlú yìí. Mùsùlùmí ni bàbá, ẹ sì mọ̀ pé òkú Mùsùlùmí kì í dúró. Bí a ti gbọ́ lóòwúrọ̀ ni a kó owó ìrànwọ́ ẹgbẹ́ sápò, a gun máṣíìnì, a kọrí sọ́nà. A kò tí ì dé ìdajì ọ̀nà tí máṣíìnì fi bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́ bí arúgbó. Èéfín dúdú ń jáde lẹ́yìn rẹ̀, kò lè gun òkè mọ́. Nígbà tí ó yá, ó kú pátápátá. A tẹ̀ ẹ́ títí, ẹsẹ̀ ń ro wá, kò dáhùn. Ọkọ̀ akẹ́rù kan ni ó ṣàánú wa níkẹyìn.

Nígbà tí a ó fi dé, wọ́n ti bo bàbá mọ́lẹ̀, àwọn àlejò ti ń palẹ̀ mọ́ láti lọ. Opó rẹ̀ kí wa tọ̀yàyàtọ̀yàyà. Ṣùgbọ́n àbúrò bàbá wò wá láti òkè délẹ̀, ó ní: “Ẹ̀yin ni ẹ̀gbọ́n mi ń dá owó ẹgbẹ́ fún láti ọjọ́ yìí wá?” A kò ní èsì.

Lọ́jọ́ kejì, mẹkáníìkì tú máṣíìnì wò, kò rí àìsàn ńlá kankan. Asẹ́ tí ẹ́ńjìnnì fi ń mí ni ó kún fún eruku ọyẹ́ títí tí afẹ́fẹ́ kò fi ráyè wọlé, èédú sì ti bo ẹnu púlọ́ọ̀gì. Iṣẹ́ tí kò tó wákàtí kan ni ó gbà wá lọ́wọ́ láti sin àgbà wa.

Ní alẹ́ ọjọ́ náà, ọmọ wa obìnrin tí ó wà ní ilé-ìwé gíga fa ìwé kékeré kan yọ lábẹ́ ìjókòó máṣíìnì. Inú ọ̀rá tí wọ́n fi dì í ni ó ṣì wà láti ọjọ́ tí a ti rà á. Ó ṣí i, ó rí ojú ewé kan tí wọ́n to gbogbo iṣẹ́ ìtọ́jú sí, àti iye kìlómítà tí a ó rìn kí a tó ṣe ọ̀kọ̀ọ̀kan. Lábẹ́ rẹ̀ ni ìlà kékeré kan wà, ó ní ẹni tí ó bá ń gun máṣíìnì níbi tí eruku pọ̀ gbọ́dọ̀ máa ṣe iṣẹ́ náà lemọ́lemọ́ ju bí a ti kọ ọ́ lọ. Ìlà yẹn ni ó dùn wá jù. Ẹni tí ó kọ ìwé náà kò mọ̀ wá rí, síbẹ̀ ó ti rò tiwa mọ́ ọn. Àwa ni a kò ka ìkìlọ̀ rẹ̀.

Ẹ má jẹ́ kí ó jọ yín lójú pé iṣẹ́ yìí ga ju tiwa lọ. Àwọn bàbá wa tí ó kọ́kọ́ gòkè wá ṣòwò, kẹ̀kẹ́ ni wọ́n ń gùn. Àpò awọ kékeré máa ń wà lẹ́yìn ìjókòó rẹ̀, sípánà àti ohun tí a fi ń lẹ táyà ni ó wà nínú àpò náà. Bí kẹ̀kẹ́ bá bàjẹ́ lójú ọ̀nà, ẹni tí ó gùn ún ni yóò bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ tún un ṣe. Máṣíìnì ju kẹ̀kẹ́ lọ ní tòótọ́, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ṣe máṣíìnì ti kọ ìwé tì í fún wa.

Oríṣi ìwé méjì ni ó wà. Èkíní ni ìwé kékeré tí ó bá máṣíìnì wá, ti ẹni tí ń gùn ún. Èkejì nípọn jù bẹ́ẹ̀ lọ, rírà ni à ń rà á lọ́tọ̀, àwòrán sì kún inú rẹ̀. Ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan tí ń jẹ́ John Haynes ni ó sọ irú ìwé kejì yìí di ohun tí ará ilé lè lò. Ní ọdún 1966 ni ó tẹ àkọ́kọ́ nínú wọn jáde, lórí ọkọ̀ kékeré tí à ń pè ní Austin-Healey Sprite. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà kọ ọ́ ni pé wọn a tú ọkọ̀ palẹ̀, wọn a tún un tò padà, wọn a sì máa ya fọ́tò bí iṣẹ́ ti ń lọ. Nígbà tí ó yá, wọ́n ṣe ti máṣíìnì pẹ̀lú, títí kan Honda CG125.

Honda CG125 yìí ni tiwa. Ọdún 1976 ni ó kọ́kọ́ jáde, irú ilẹ̀ bíi tiwa ni wọ́n sì ro kí wọ́n tó ṣe é, níbi tí ọ̀nà kò dára tí àwọn ènìyàn kì í sì í tètè tọ́jú máṣíìnì. Ọ̀pọ̀ máṣíìnì tí ó ti Ṣáínà wá, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ni wọ́n wò ṣe tiwọn. Ó ní ìfaradà, ṣùgbọ́n ohun tí ó ní ìfaradà náà ń kú bí a bá pa á tì. Láti kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Bí ó bá dàgbà tán, ẹbọ ni yóò máa gbà.

Àwọn iṣẹ́ tí gbogbo ilé lè ṣe nìyí. Nọ́ńbà tí a kọ síbí, ti máṣíìnì tiwa ni. Ẹ wo ìwé tiyín kí ẹ tó fọwọ́ kan nǹkan.

Èkíní ni ọ́ìlì. Ẹ mú máṣíìnì dúró ṣánṣán, ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú díẹ̀, ẹ pa á, ẹ dúró bí ìṣẹ́jú méjì tàbí mẹ́ta. Ẹ yọ irin ìwọ̀n, ẹ nù ún, ẹ tì í bọ inú ihò padà, ṣùgbọ́n ẹ má yí i wọlé; ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wa ti ń ṣìnà. Láàrin àmì òkè àti àmì ìsàlẹ̀ ni ọ́ìlì gbọ́dọ̀ wà. Bí ọjọ́ pípààrọ̀ rẹ̀ bá pé, ìgbà tí ẹ́ńjìnnì bá lọ́ wọ́ọ́rọ́ ni kí ẹ dà á, kí ìdọ̀tí lè bá a jáde. Tiwa ń gba ohun tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó lítà 1. Ẹ má da ògbólógbòó ọ́ìlì sí ẹ̀bá kànga o.

Èkejì ni asẹ́ afẹ́fẹ́, èyí tí ó dójú tì wá. Fóòmù ni tiwa. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti ọṣẹ ni a fi ń fọ̀ ọ́, a kì í fi pẹtiróòlù fọ̀ ọ́, nítorí iná. Ẹ jẹ́ kí ó gbẹ dáadáa, ẹ fi ọ́ìlì tí ó mọ́ rin ín, ẹ fún un títí tí kò fi ní kán mọ́. Bí ti yín bá jẹ́ oníwèé, ẹ má fọ̀ ọ́; ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá sì ní kí ẹ yọ ọ́ sọnù kí máṣíìnì lè máa sáré, ẹ má gbà. Eruku tí kò bá rí asẹ́ bá pàdé, inú ẹ́ńjìnnì ni yóò lọ, bí yanrìn ni yóò sì máa ha irin inú rẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni púlọ́ọ̀gì, ẹni tí ń sọ àṣírí ẹ́ńjìnnì. Bí ẹnu rẹ̀ bá pọ́n rẹ́súrẹ́sú, ara ẹ́ńjìnnì le. Bí ó bá dúdú tí ó gbẹ bí èédú, epo pọ̀ ju afẹ́fẹ́ lọ. Ẹ lọ wo asẹ́. Bí ọ́ìlì bá rin ín, ọ̀ràn mẹkáníìkì ni. Àlàfo ẹnu rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 0.6 sí 0.7. Nígbà tí ẹ bá ń dá a padà, ọwọ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ fi yí i wọlé kí sípánà tó kàn án, kí ó má baà gbé ẹsẹ̀ gba ọ̀nà àìtọ́.

Ẹ̀kẹrin ni ṣéènì. Ẹ di àárín rẹ̀ mú nísàlẹ̀, ẹ gbé e sókè, ẹ tẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Ó yẹ kí ó lè mì tó nǹkan bíi mìlímítà 20. Bí ó bá le gan-in kò dára, bí ó bá sì dẹ̀ gbẹ̀rẹ̀ yóò já bọ́. Bí ẹ bá fà á, kí àmì ọwọ́ ọ̀tún àti ti ọwọ́ òsì dọ́gba, kí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn má baà wọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ tún bíréèkì ẹ̀yìn wò kí ẹ tó gùn ún jáde, nítorí bí a bá ti sún kẹ̀kẹ́ ẹ̀yìn, bíréèkì yóò ti yí padà. Atẹ́gùn táyà, òwúrọ̀ kí a tó rìn ni kí ẹ wọ̀n ọ́n.

Ohun tí ó kù, ẹ fi í sílẹ̀ fún mẹkáníìkì. A kò ní kí ẹ gba oúnjẹ lẹ́nu rẹ̀. Ṣíṣí ẹ́ńjìnnì àti wáyà iná, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá mọ ohun tí ó wà nínú ìwé yóò mọ ọ̀rọ̀ tí yóò bá mẹkáníìkì sọ, kò sì sí ẹni tí yóò yọ asẹ́ rẹ̀ dànù láìjẹ́ pé ó mọ̀.

Àwọn kan yóò wí pé, “Gẹ̀ẹ́sì ni ìwé náà, àwa kò kàwé.” Ẹ pe àwọn ọmọ. Nílé tiwa, ọmọ ni ó ń kà, ìyá rẹ̀ ń bi í pé, “Kí ni ó wí?”, ọwọ́ tiwa ni ó sì ń ṣe é. Àwọn ọmọ tí a bí síhìn-ín gbọ́ Hausa, wọ́n gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Yorùbá ni ó ń fà lẹ́nu wọn. Ní ẹ̀gbẹ́ máṣíìnì yìí, ọmọ wa ní láti wá Yorùbá ohun tí ó kà, kí ìyá rẹ̀ lè gbọ́. Bí ó bá kù díẹ̀ káàtó, a ó bá a tún un ṣe. Ìyá rẹ̀ ni ó ń sọ ọjọ́ tí a ṣe iṣẹ́ àti iye kìlómítà fún un, òun ni ó ń kọ ọ́ sínú ìwé kékeré tí a so mọ́ ògiri.

Nítorí náà, ní ìpàdé ẹgbẹ́ tí ń bọ̀, kí olúkúlùkù tí ó ní máṣíìnì mú ìwé rẹ̀ dání. Ẹni tí tirẹ̀ bá sọnù, kí ó wá bá ẹni tí máṣíìnì rẹ̀ bá jọ tirẹ̀. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.

Nígbà tí fìdáù ogójì ọjọ́ bàbá kò, a fọ asẹ́ lálẹ́ ọjọ́ tí ó ṣáájú, a wo ọ́ìlì, a wo ṣéènì. Ní òwúrọ̀, a gun máṣíìnì kan náà ní ọ̀nà kan náà. A dé kí wọ́n tó tẹ́ ẹní. Àbúrò bàbá ni ó bá wa gbé àpò sọ̀kalẹ̀.

Ọlọ́run yóò máa ṣọ́ àlọ wa, yóò máa ṣọ́ àbọ̀ wa o.