Ijó Tí Wọ́n Wò Lára Ìkòkò: Ẹsẹ̀ Lásán Ni Wọ́n Fi Ń Ṣèdánwò Ẹ̀ Nílùú Ọba

Ẹni tó bá gbọ́ pé èèyàn ń ṣèdánwò ijó lè kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Ijó kẹ̀? Ṣé ijó náà ti di ohun tí wọ́n ń gba máàkì fún bíi ìṣirò ni? Bẹ́ẹ̀ ni o. Nílùú Ọba, ìdánwò ijó kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Ó ní tàwọn ọmọdé, ó ní tàwọn àgbà, ìwé ẹ̀rí sì wà nídìí ẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo ijó tí wọ́n fi ń dán àwọn ọmọ wò níbẹ̀, ọ̀kan wà tí ọ̀rọ̀ ẹ̀ yani lẹ́nu gidi. Classical Greek Dance ni wọ́n ń pè é, ìyẹn ijó àwọn ará Gíríìsì àtijọ́. Kò sí ẹni kankan láyé yìí tó fojú rí àwọn tó ni ijó ọ̀hún nígbà tí wọ́n ń jó o. Ara ìkòkò àti ara òkúta ni wọ́n ti wò ó.

Ẹ jẹ́ ká tú u palẹ̀. Ó ti lé ní 2,400 ọdún tí àwọn amọ̀kòkò ìlú Athens ti ń ya àwòrán àwọn tó ń jó sára ìkòkò wáìnì àti ìkòkò omi. Àwọn tó ń gbẹ́ òkúta náà ń gbẹ́ tiwọn. Nígbà tó yá, ayé wọn kọjá lọ, orin wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ pòórá tán, kò sì sẹ́ni tó kọ bí wọ́n ṣe ń gbé ẹsẹ̀ sílẹ̀. Bàtá tiwa ò rí bẹ́ẹ̀. Ọmọ Àyàn gbà á lọ́wọ́ bàbá ẹ̀, bàbá náà gbà á lọ́wọ́ tiẹ̀, okùn ò já. Àwọn ará Gíríìsì ní ijó ìbílẹ̀ tí wọ́n ń jó títí dòní o, ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n ń jó fáwọn òrìṣà ayé ijọ́un, okùn tiẹ̀ ti já.

Lára àwọn tó kọ́kọ́ fi irú ijó yìí dá àríyànjiyàn sílẹ̀ ni Isadora Duncan, ọmọ Amẹ́ríkà tí wọ́n bí ní San Francisco lọ́dún 1877. Nígbà tó dé London, British Museum, ilé ńlá tí wọ́n ń kó ohun àtijọ́ sí, ló ń lọ wo àwọn ìkòkò Gíríìsì. Bó ṣe bọ́ bàtà nìyẹn, tó wọ aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, tó ń jó níwájú àwọn ọlọ́lá. Ẹnu ò sì gbà á. Ikú ẹ̀ náà tún dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀: lọ́dún 1927, nílùú Nice, ìborùn gígùn tó wé mọ́rùn há sí táyà mọ́tò tó wà nínú ẹ̀, ibẹ̀ ló sì gbà lọ.

Ṣùgbọ́n ẹni tó sọ irú ijó yìí di ohun tí wọ́n ń kọ́ ọmọ lẹ́sẹẹsẹ ni Ruby Ginner, tí wọ́n bí ní Cannes lọ́dún 1886. Òun àti ọ̀rẹ́ ẹ̀, Irene Mawer, jọ dá ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀ ní London. Lọ́dún 1923, wọ́n dá ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ ijó náà sílẹ̀, nígbà tó sì di 1951, ẹgbẹ́ ọ̀hún dara pọ̀ mọ́ Imperial Society of Teachers of Dancing, àjọ tó ti wà láti 1904. Obìnrin yìí á wo àwòrán ọlọ́jó kan tó gbé ẹsẹ̀ kan sókè, á bi ara ẹ̀ pé: níbo lẹsẹ̀ yìí ti ń bọ̀, níbo ló sì ń lọ? Ìdáhùn sí ìbéèrè méjì yẹn ló di ijó. Kò tan ẹnikẹ́ni jẹ o. Orúkọ tó fún ìwé tó kọ lọ́dún 1933, The Revived Greek Dance, ti sọ ọ́ kedere pé ohun tó ti kú ni òun jí dìde.

Àkàbà ni ìdánwò náà. Àwọn ọmọ á gun Grade 1 lọ títí dé Grade 6. Lẹ́yìn ìyẹn làwọn tó bá fẹ́ fi ijó ṣiṣẹ́ ṣe á wá kojú Intermediate, Advanced 1 àti Advanced 2. Ẹni tí ò bá ní Intermediate lọ́wọ́ ò lè jó Advanced 1. Kò sí ọ̀rọ̀ pé "mo mọ ọ̀gá kan" níbẹ̀.

Ẹsẹ̀ gan-an ni wàhálà àkọ́kọ́ fẹ́ni tó ń múra. Bàtà ò sí, ìbọ̀sẹ̀ ò sí. Ọmọ tó ti ń jó ballet láti kékeré máa ń rí ìyà ẹ̀ he, torí ballet ti kọ́ ọ pé kó yí ẹsẹ̀ méjèèjì síta, kó máa na ara sókè bí ẹni tílẹ̀ ń jó lẹ́sẹ̀. Ijó Gíríìsì ò fẹ́ ìyẹn. Ó fẹ́ kí àtẹ́lẹsẹ̀ mọ ilẹ̀ dáadáa, kí apá òsì máa bá ẹsẹ̀ ọ̀tún lọ bíi ti ẹni tó ń rìn lọ sọ́jà. Ẹ lè rò pé ìyẹn rọrùn. Ẹ ṣáà ní kí ẹni tó mọ̀ pé wọ́n ń wo òun rìn bó ṣe máa ń rìn, kíá lẹ máa rí i tí apá àtẹsẹ̀ á daṣẹ́ sílẹ̀.

Lẹ́yìn ẹsẹ̀ ló kan àwòrán. Lára ìkòkò, orí ẹni tó ń jó á kọjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, àyà ẹ̀ á kọjú sí ẹni tó ń wò ó, ẹsẹ̀ ẹ̀ á tún máa lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹni tó ń múra gbọ́dọ̀ lè dúró bẹ́ẹ̀ láìgbọ̀n, kó sì ti ibẹ̀ bọ́ sínú òmíràn láìdà bí ẹni tó ń dúró ya fọ́tò. Èémí ni àṣírí ẹ̀. Bí èèyàn bá ń mí bó ṣe yẹ, apá á tẹ̀ lé àyà, àwòrán á di èèyàn.

Oríṣiríṣi ló wà nínú ijó yìí, kálukú ló sì níwà tiẹ̀. Lyrical a máa lọ jẹ́jẹ́ bí ìgbì omi. Athletic ni ti àwọn eléré ìdárayá, àwọn tó ń sáré, tó ń ju ọ̀kọ̀. Pyrrhic ni tàwọn jagunjagun. Plato kọ ọ́ sínú ìwé ẹ̀ pé ẹni tó ń jó o á máa bẹ̀rẹ̀, á máa fò, á máa yẹra bí ẹni tó ń sá fún ọfà. Ní Sparta láyé àtijọ́, ọmọ ọdún márùn-ún ti ń kọ́ ọ. Tragedy ni tẹkún àti ọ̀fọ̀. Bacchic ni ti Dionysus, òrìṣà wáìnì.

Bacchic yìí lojú ti ń já ọ̀pọ̀ èèyàn. Wọ́n á rò pé kéèyàn ṣáà máa fò sókè, kó máa yọ̀. Ṣùgbọ́n nínú eré tí Euripides kọ, Pentheus, ọba Thebes, lóun ò ní júbà òrìṣà náà. Dionysus sì da orí ìyá ọba rú. Ìyá yìí àtàwọn obìnrin tó kù fa ọba ya pẹ́rẹpẹ̀rẹ lórí òkè, ìyá sì gbé orí ọmọ ẹ̀ wálé, ó ń yọ̀ pé kìnnìún lòun pa. Ìtàn yìí ni Wole Soyinka tún kọ lọ́nà tiẹ̀, tí National Theatre ṣe ní London lọ́dún 1973. Ẹni tó bá mọ̀ pé ibi tí ayọ̀ yẹn ń lọ nìyẹn ò ní máa jó o bí ẹni tó wá síbi ìkómọ. Bákan náà ni ti Oedipus, tó pa bàbá tó tún fẹ́ ìyá. Àwọn tó ti wo The Gods Are Not to Blame tí Ola Rotimi kọ, tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ní Ilé-Ifẹ̀ lọ́dún 1968, ti mọ ọkùnrin náà sí Ọdẹ́wálé. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé ẹni tó ń lọ fún Advanced gbọ́dọ̀ ka ìtàn bó ṣe ń ki ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀. Ẹni tí ò bá mọ ohun tó ń pa á lẹ́kún, ẹkún ẹ̀ ò lè dun ẹlòmíì.

Lọ́jọ́ ìdánwò, ẹni tó máa fún wọn ní máàkì á ti jókòó sídìí tábìlì tòun ti bírò. Kì í ṣe olùkọ́ wọn, àlejò ni. Kò mọ̀ pé oṣù méloo lọmọ náà ti fi ń jí ní ìdájí, kò mọ̀ pé àtẹ́lẹsẹ̀ ẹ̀ ti bó. Ohun tó bá rí nínú yàrá yẹn nìkan ló máa kọ sílẹ̀. Bí ẹsẹ̀ kan bá ṣì gbé, olùkọ́ tó gbọ́n ti sọ fún un tipẹ́: má dúró, má bẹ̀bẹ̀, máa tẹ̀ lé orin lọ. Èsì tó bá dára lè jẹ́ Pass, ó lè jẹ́ Merit, ó sì lè jẹ́ Distinction.

Àwọn òbí á ní, kí la fẹ́ fi èyí jẹ? Ìbéèrè gidi ni. Ìdánwò ijó tí ìjọba fọwọ́ sí, láti Grade 6 lọ sókè, lè fi kún máàkì tí ọmọ fi ń wá ààyè sí yunifásítì lọ́hùn-ún. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ju ìyẹn lọ. Ijó yìí ò ní abúlé, kò ní ìdílé tó ń jogún ẹ̀, kò ní ọdún ìbílẹ̀ tí gbogbo ìlú fi ń jáde jó o. Àwọn olùkọ́ àti ìdánwò yìí ló gbé e ró, àwọn tó sì ń kọ́ ọ ò pọ̀ tó àwọn tó ń kọ́ ballet. Inú àwọn ọmọ tó bá gun àkàbà náà dókè ni olùkọ́ ọ̀la ti máa jáde. Ọjọ́ tí kò bá sẹ́ni tó fẹ́ gun àkàbà náà dókè mọ́, okùn tó ti já lẹ́ẹ̀kan yóò já lẹ́ẹ̀kejì. Ìkòkò á ṣì wà ní British Museum o, àwòrán á ṣì wà lára ẹ̀. Àmọ́ ìkòkò ò lè sọ fọ́mọ pé, "Ẹsẹ̀ ẹ ò dára, tún un gbé."