Etí Kékeré Tí Rédíò Fi Ń Gbọ́ Ara Rẹ̀

Nígbà tí rédíò àtijọ́ bá ń ṣe ségesège, oníṣẹ́ a tú ẹ̀yìn rẹ̀, a fi ọwọ́ kàn án wò bóyá ó gbóná jù. Lára rédíò òde òní, kọ̀ǹpútà ni ó ń ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ tí wáyà àti irin ń ṣe tẹ́lẹ̀: òun ni ó ń yan ìgbì, òun ni ó sì ń yọ ohùn inú rẹ̀ jáde. Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà kò ní ọwọ́ tí yóò fi kan ẹ̀rọ wò. Nọ́ńbà nìkan ni ó mọ̀. Bí ẹ̀rọ náà bá fẹ́ jóná, ta ni yóò sọ fún un?

Àwọn tí wọ́n ṣe USRP àkọ́kọ́, ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́ Ettus Research ti Amẹ́ríkà, ro ọ̀rọ̀ yìí. Etí ńlá mẹ́rin ni ó ní fún ìgbì òfuurufú. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń wọn ìgbì ní ìgbà mílíọ̀nù 64 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Yàtọ̀ sí wọn, etí kéékèèké mẹ́jọ tún wà níbẹ̀ tí ojú kì í tètè lọ sí. Ìwọ̀nyí kò yára tó bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ wọn kò sì gba ìyára: kí wọ́n wọn agbára iná láti 0 dé fóòtì 3.3, kí wọ́n sì sọ ọ́ di nọ́ńbà. Ìpele 1,024 ni wọ́n pín in sí.

Nọ́ńbà náà fúnra rẹ̀ kì í ṣe ooru, ibí yìí sì ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Ẹ̀rọ ìwọn-ooru kékeré tí à ń pè ní LM35 a máa fi fóòtì 0.01 jáde fún ìwọ̀n Celsius kọ̀ọ̀kan. Bí kọ̀ǹpútà bá ka 155, ìtumọ̀ rẹ̀ ni fóòtì 0.5, èyí tí í ṣe ìwọ̀n ooru 50. Ẹni tí kò bá ṣe ìṣirò yìí yóò máa wo nọ́ńbà lásán.

Ti bátìrì gba ìṣọ́ra jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ibùdó tí ó ń gbé orí bátìrì fóòtì 12 ní láti mọ ìgbà tí agbára ń tán, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá so ó mọ́ etí kékeré ní tààrà, wọn yóò bà á jẹ́. Rẹ̀sísítọ̀ méjì ni a fi ń dín in kù. Dídín in sí ìdá mẹ́rin dà bí ẹni pé ó tó, nítorí 12 yóò di 3. Àmọ́ bátìrì kan náà a máa gòkè dé 14 nígbà tí a bá ń fi iná sí i, ìdá mẹ́rin 14 sì jẹ́ 3.5. Ìdá márùn-ún ni ó yẹ. Kọ̀ǹpútà yóò wá fi 5 sọ ohun tí ó kà di púpọ̀, yóò sì lè pa ẹ̀rọ tí ń tan ohùn kálẹ̀ kí bátìrì tó tán pátápátá.