Ọta tí kò pariwo, ṣé kò lè pani ni? Àlàyé lórí ìyára ọta ìbọn

Ní Sango-Ọ̀tà, ariwo pọ̀. Ẹ̀rọ tó ń tẹ irin lágbègbè iléeṣẹ́, táyà tó bẹ́ lójú márosẹ̀ Èkó sí Abẹ́òkúta, bángà àwọn ọmọdé lásìkò ọdún, gbogbo wọn ló lè jọ ìbọn létí ẹni. Ọ̀pọ̀ wa ló wá ń fi etí lásán díwọ̀n ewu. Bó bá dún gan-an, a ó sá wọlé. Bó bá rọlẹ̀, a ó ní kò tó nǹkan. Ẹ̀yin olùgbọ́ wa, etí kì í ṣe òṣùwọ̀n tó ṣeé gbára lé lórí ọ̀rọ̀ yìí, ẹ jẹ́ ká wo ìdí rẹ̀.

Ariwo ìbọn kì í ṣe ẹyọ kan. Àkọ́kọ́ ni ti ẹnu ìbọn, níbi tí èéfín gbígbóná ti ń tú jáde lójijì. Ìkejì jẹ́ ti ọta fúnra rẹ̀ lójú ọ̀nà. Bí ọta bá ń sáré ju ohùn lọ, yóò máa fa afẹ́fẹ́ ya bó ṣe ń kọjá, yóò sì dún ṣàkàà bí ìgbà tí èèyàn fi pàṣán gígùn na afẹ́fẹ́. Gbogbo wa la mọ̀ pé ohùn kì í tètè dé: mànàmáná á ti kọ kí àrá tó sán. Lọ́sàn-án tí oòrùn mú ní Ọ̀tà, tó bá tó ìwọ̀n 30 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ohùn ń rin nǹkan bí mítà 349 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Láàárọ̀ ọyẹ́ tó bá tutù dé 20, ó ń rin 343. Ráífù AK-47 ń ta ọta ní nǹkan bí mítà 715 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ìyẹn ìlọ́po méjì ohùn. Ẹni tí irú ọta bẹ́ẹ̀ bá bà kò ní tíì gbọ́ ìbọn náà rárá kó tó bà á.

Àwọn baba wa ti mọ ìyàtọ̀ ohùn ìbọn tipẹ́. Ogun Kírìjì tó bẹ̀rẹ̀ ní 1877 gba orúkọ rẹ̀ látinú bí àwọn ìbọn náà ṣe ń dún lórí òkè. Ìbọn òyìnbó ìgbàlódé tí àwọn Èkìtìparapọ̀ rí gbà láti Èkó wà lára ohun tí àwọn ọmọ ogun Ìbàdàn kò rò tẹ́lẹ̀. Ní 1886, ọdún tí wọ́n tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn àlàáfíà ogun náà, ni Peter Salcher ya fọ́tò ọta tó ń sáré ju ohùn lọ ní Yúróòpù, tí ìgbì afẹ́fẹ́ náà sì hàn kedere níwájú rẹ̀. Òun àti Ernst Mach ni wọ́n jọ ń ṣe ìwádìí ọ̀hún.

Ní Amẹ́ríkà àti àwọn ibòmíràn tí òfin ti gbà á láyè, àwọn kan ń di ọta ráífù tiwọn fúnra wọn, kó lè máa rìn lábẹ́ ìyára ohùn. Ìdí ni pé ọta bẹ́ẹ̀ kì í dún ṣàkàà lójú ọ̀nà. Ṣùgbọ́n ti ẹnu ìbọn ṣì wà níbẹ̀ o. Ẹ̀rọ ìdín-ariwo-kù tí Hiram Percy Maxim gba ìwé ẹ̀rí rẹ̀ ní 1909 lè dín in kù lóòótọ́, àmọ́ èyí tí ẹ ń rí nínú fíìmù tó máa ń dún "fíù" bí ẹni ń mí, irọ́ ni.

Báwo ni wọ́n ṣe ń mọ ìyára ọta? Benjamin Robins, ará Ìlú Gẹ̀ẹ́sì, ló kọ ọ́ sínú ìwé ní 1742. Ó so pákó wúwo rọ̀ bí jangirọ́fà, ó yìnbọn lù ú, ó sì fi bí pákó náà ṣe fì tó ṣírò bí ọta ṣe ń sáré tó. Lóde òní, ẹ̀rọ tí wọ́n ń pè ní chronograph ló ń ṣe é. Ẹ rò ó bí ẹni méjì tó dúró, ọ̀kan ní Toll Gate, èkejì lábẹ́ bíríìjì Sango, tí wọ́n ń kọ àsìkò tí bọ́ọ̀sì kan kọjá lọ́dọ̀ ẹnì kọ̀ọ̀kan sílẹ̀. Ojú méjì ni ẹ̀rọ náà ní, ọta gba iwájú wọn kọjá, ó sì ṣírò rẹ̀ ní kíá. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n á yìnbọn márùn-ún tàbí mẹ́wàá sójú bébà kan náà, wọ́n á sì wọn bí ihò méjì tó jìnnà síra jù ṣe jìnnà tó.

Ibí ni ọ̀rọ̀ ti le. Ká gbé ti atẹ́gùn sápá kan. Ọta tó ń rin mítà 840 ní ìṣẹ́jú àáyá kan yóò wálẹ̀ ní nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 7 kó tó dé ibi tó jìnnà ní 100 mítà. Èyí tó ń rin 320 yóò wálẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 48. Bí ìyára ti àkọ́kọ́ bá fi 10 dín, ìyàtọ̀ rẹ̀ kò tó mìlímítà méjì. Ti ìkejì yóò fi sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta yẹ̀ sísàlẹ̀. Ìyẹn ni pé bí ọta bá ṣe ń falẹ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ ni àṣìṣe kékeré nínú dídì rẹ̀ ṣe ń tóbi sí i. Bí ẹ̀tù bá sì pọ̀ jù, ìbọn lè bẹ́ mọ́ ẹni tó dì í lọ́wọ́.

Ẹ wá wo ìbọn ìbílẹ̀ wa, ṣakabùlà. Àtẹ́lẹwọ́ ni ọ̀pọ̀ ọdẹ fi ń wọn ẹ̀tù sí i. Kò sí chronograph, kò sí òṣùwọ̀n. Ti àárọ̀ lè sáré ju ohùn lọ, kí ti ìrọ̀lẹ́ má sáré tó bẹ́ẹ̀, ìbọn kan náà, ọwọ́ kan náà. Àwọn àgbà ní ìbọn ní apátí, kò ní apátí, ta ní jẹ́ jẹ́ kí wọ́n kọjú rẹ̀ sí òun?

Mo fẹ́ kí àwọn oníṣọ́ọ̀bù fetí sí ti òfin dáadáa, nítorí ẹni tó mọ irin gbẹ́ pọ̀ ní Ọ̀tà. Bí oníbàárà bá kó ìkarahun ọta tí wọ́n ti yìn wá sídìí ẹ̀rọ lẹ́ẹ̀tì yín, tó ní kí ẹ bá òun tún un ṣe, kì í ṣe iṣẹ́ irin lásán lójú òfin o. Òfin ìbọn, Firearms Act, ti wà láti 1959. Abala 23 rẹ̀ ka ṣíṣe, títò àti títún ìbọn tàbí ọta ṣe níbi tí ìjọba kò fọwọ́ sí léèwọ̀, ẹ̀wọ̀n ọdún 10 ló sì kéré jù níbẹ̀. Iléeṣẹ́ DICON tí ìjọba dá sílẹ̀ ní Kaduna ní 1964 ló ń ṣe ọta fún àwọn ọmọ ogun wa. Ìbọn ìbílẹ̀ gan-an nílò ìwé àṣẹ.

Ó wá ku àwọn tó ń yìnbọn sókè níbi ìsìpà ọdẹ, ìnáwó àti àìsùn ọdún tuntun, tí wọ́n ní sánmà kò lè farapa. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kìíní, àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà dán an wò ní Florida, ọ̀gágun Julian Hatcher sì kọ àbájáde rẹ̀ sílẹ̀. Ọta ráífù tó lọ sókè gbọọrọ padà wálẹ̀ ní nǹkan bí mítà 90 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Èyí kò tó ìdá mẹ́ta ìyára ohùn, nítorí náà kò ní dún ṣàkàà lójú ọ̀nà. Síbẹ̀, nǹkan bí mítà 60 ti tó fún ọta láti la awọ ara èèyàn. Bí wọ́n bá tẹ ẹnu ìbọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ nígbà tí wọ́n ń yìn ín, ó tún lè sáré ju bẹ́ẹ̀ lọ nígbà tó bá ń bọ̀.

Àlọ àti àbọ̀ rẹ̀ ń gbà tó nǹkan bí 50 ìṣẹ́jú àáyá. Nígbà tó bá fi máa balẹ̀, ariwo ìbọn ti lọ, onílù ti bẹ̀rẹ̀ orin mìíràn, àwọn ọmọ tó sá wọ abẹ́ tábìlì sì ti jáde padà sínú àgbàlá.