Láti Orí Òwò dé Orí Ìjẹgàba: Ẹ̀kọ́ Inú Ìwé Àdéhùn Èkó

Nígbà tí agbára orílẹ̀-èdè kan bá ń gòkè, ọjà rẹ̀ ni í kọ́kọ́ jáde lọ sí òkè òkun. Bí a kò bá ṣọ́ra, ọkọ̀ ogun a tẹ̀ lé ọjà náà, òfin àjèjì a sì tẹ̀ lé ọkọ̀ ogun. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ń gbé ní Ọ̀jọ́, Ìba tàbí Òkòkòmáìkò kò ní láti lọ wá àpẹẹrẹ èyí sí Róòmù àtijọ́. Ojú omi tí ó gba ẹ̀bá Ọ̀jọ́ kọjá láti Èkó lọ sí Àgbádárìgì àti Àjàṣẹ́ wà lára ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹlẹ̀. Ìgbésẹ̀ mẹ́ta ni a ó yẹ̀ wò.

Ìgbésẹ̀ kìíní ni dídá sí ìjà abẹ́lé. Ní 1845, Kòsọ́kọ́ lé Akíntóyè kúrò lórí oyè Èkó. Akíntóyè sá lọ sí Abẹ́òkúta, lẹ́yìn náà ó lọ sí Àgbádárìgì, níbi tí ó ti bẹ Gẹ̀ẹ́sì fún ìrànlọ́wọ́. Gẹ̀ẹ́sì ní òwò ẹrú ni àwọn fẹ́ fi òpin sí. Òótọ́ wà nínú èyí, nítorí wọ́n ti fi òfin de òwò náà ní 1807. Ṣùgbọ́n àwọn ilé iṣẹ́ wọn ń fẹ́ epo pupa fún ọṣẹ àti fún ẹ̀rọ, Èkó sì ni ẹnu ọ̀nà sí ìgbèríko ibi tí epo náà ti ń wá. Ní oṣù Kejìlá 1851, wọ́n yin ìbọn ńlá lu Èkó, Kòsọ́kọ́ sì sá lọ sí Ẹ̀pẹ́. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní 1852, Akíntóyè fi ọwọ́ sí àdéhùn pé òwò ẹrú yóò dópin, àti pé ọ̀nà yóò ṣí fún àwọn oníṣòwò àti àwọn oníwàásù. Ọba ṣì ni Akíntóyè, ṣùgbọ́n ọba tí ìbọn ẹlòmíràn gbé gorí oyè kò lè gbàgbé ẹni tí ó ni ìbọn.

Ìgbésẹ̀ kejì ni ìwé. Ní oṣù Kẹjọ 1861, ọkọ̀ ogun tí a ń pè ní Prometheus wà lójú ọ̀sà Èkó nígbà tí Bedingfield àti McCoskry gbé ìwé àdéhùn wá bá Dòsùnmú, ọmọ Akíntóyè. Kò fẹ́ fi ọwọ́ sí i, ṣùgbọ́n ní ọjọ́ kẹfà oṣù náà ó fi àmì sí i. Ìwé náà ní ó fi erékùṣù àti èbúté Èkó fún Ọbabìnrin Gẹ̀ẹ́sì àti àwọn àrólé rẹ̀ títí láé. A fi orúkọ ọba sílẹ̀ fún un, a sì ṣe ètò owó ìfẹ̀yìntì tí a dá lé ọ̀kẹ́ owó ẹyọ 1,200 lọ́dọọdún.

Níhìn-ín ni ọ̀rọ̀ ti kan àwa tí a ń kọ́ni ní èdè. Nínú àṣà wa, ẹni tí a fi ilẹ̀ fún láti dáko kò torí bẹ́ẹ̀ di onílẹ̀. Àlejò ni, ìṣákọ́lẹ̀ ni yóò sì máa san. Nínú òfin Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ sínú ìwé náà túmọ̀ sí pé àṣẹ ti kúrò lọ́wọ́ ẹnì kan bọ́ sí ọwọ́ ẹlòmíràn. Ìyàtọ̀ yìí kì í ṣe àríyànjiyàn lásán. Nígbà tí ìjọba gba ilẹ̀ ní Àpápá, Olóyè Olúwa, Amodu Tijani, gbé ẹjọ́ náà dé Lọ́ńdọ̀nù. Herbert Macaulay bá a lọ ní 1920. Ní 1921, ìgbìmọ̀ adájọ́ níbẹ̀ dá a pé ìwé 1861 kò pa ẹ̀tọ́ tí àwọn ará ìlú ní lórí ilẹ̀ wọn rẹ́. Ọgọ́ta ọdún gbáko ni ó gbà kí ìtumọ̀ gbólóhùn kan tó yanjú.

Ìgbésẹ̀ kẹta ni owó bodè. Owó tí a ń gbà lórí ọjà tí ó wọ èbúté ni ìjọba tuntun náà fi ń jẹun. Bí oníṣòwò bá sọ ẹrù rẹ̀ kalẹ̀ sí èbúté mìíràn, owó sọnù nìyẹn. Nítorí náà, kò pẹ́ tí wọ́n fi nawọ́ sí Lẹ́kí níhà ìlà-oòrùn àti sí Àgbádárìgì, tí wọ́n gbà ní 1863, níhà ìwọ̀-oòrùn. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ọ̀jọ́ tí ó wà láàárín Èkó àti Àgbádárìgì wá bá ara rẹ̀ láàárín ibùdó méjì tí Gẹ̀ẹ́sì ń ṣọ́. Faransé pẹ̀lú ń nawọ́ sí Àjàṣẹ́ ní 1863 kan náà. Jámánì, tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ di ọ̀kan ní 1871, gbìyànjú láti gba Máhìn ní etíkun Ìlàjẹ ní 1885, ṣùgbọ́n ó jọ̀wọ́ rẹ̀ fún Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún náà. Ní 1889, Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fa ààlà, Kétu sì bọ́ sí ọwọ́ Faransé. A kò bi àwọn ará ìlú.

Ṣé gbogbo òwò pẹ̀lú alágbára ni ìjẹgàba? Rárá o. Lónìí, ọjà tí ó ti ilẹ̀ Ṣáínà wá kún Alábà ní Ọ̀jọ́. Ilé iṣẹ́ Ṣáínà ni ó ń ṣe ojú irin tí a pète pé yóò dé Òkòkòmáìkò. Apá kìíní rẹ̀, tí ó dé Mile 2, bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò ní 2023. Kò sí ọkọ̀ ogun lójú ọ̀sà, àjèjì kọ́ ni ó sì ń gba owó bodè wa. Ẹni tí ó bá pe èyí ní 1861 ń sọ àsọdùn. Ṣùgbọ́n àwọn ìbéèrè 1861 kò tíì di ti àtijọ́: Ta ni ó kọ ìwé àdéhùn? Èdè wo ni ó fi kọ ọ́? Bí a kò bá lè san gbèsè, kí ni a ó gbà lọ́wọ́ wa, ilé ẹjọ́ wo ni yóò sì dá a?

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ mú ìwé àdéhùn 1861 wọ inú kíláàsì. Ẹ ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yí i sí Yorùbá ní gbólóhùn kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n sì sọ ohun tí Dòsùnmú ìbá gbọ́ nínú rẹ̀. Ẹni tí ó bá ti ṣe iṣẹ́ yìí lẹ́ẹ̀kan kò ní tètè fi ọwọ́ sí ìwé tí kò yé e.