Kọ̀ǹpútà géèmù olówó ńlá: Kí ló yẹ kí o kọ́kọ́ ná owó lé lórí kó lè pẹ́ lọ́wọ́ rẹ?

Ní ọjà Sandaga nílùú Douala, lórílẹ̀èdè Cameroon, kò sí ẹni tó nílò láti kọ́ àwọn tó ń ta èso àti ewébẹ̀ ní ohun tí ooru lè ṣe. Tòmátì tí wọ́n bá dì pọ̀ sínú agbọ̀n tí afẹ́fẹ́ kò ráyè wọ̀ kì í pẹ́ kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í rà.

Ooru yìí kan náà ló ń ba kọ̀ǹpútà géèmù jẹ́ nílùú náà, bó ṣe ń ṣe é ní Èkó, Ìbàdàn, Cotonou àti Lomé. Douala wà lára àwọn ìlú tí òjò ti ń rọ̀ jù lágbàáyé, afẹ́fẹ́ ibẹ̀ sì máa ń kún fún omi. Ní àwọn ìlú tó kù, eruku ọyẹ́ àti iná mànàmáná tó ń lọ tó ń bọ̀ tún wà níbẹ̀.

Géèmù kì í ṣe nǹkan àjèjì ní Cameroon. Ilé iṣẹ́ Kiro'o Games tó wà ní Yaoundé ló ṣe 'Aurion: Legacy of the Kori-Odan', tó jáde ní oṣù Kẹrin ọdún 2016. Aurion kò nílò ẹ̀rọ olówó ńlá, àmọ́ ọ̀pọ̀ géèmù tuntun láti òkè òkun nílò rẹ̀.

Owó náà kì í sì í ṣe kékeré. Graphics card RTX 5090, tí ilé iṣẹ́ Nvidia gbé jáde ní oṣù Kìíní ọdún 2025, bẹ̀rẹ̀ ní dọ́là 1,999, kí owó ọkọ̀ àti ti aṣọ́bodè tó gorí rẹ̀. Ẹni tó fi ọdún púpọ̀ tọ́jú irú owó bẹ́ẹ̀ kò ní fẹ́ kí ẹ̀rọ náà jó mọ́ òun lọ́wọ́ láàrin ọdún kan.

Kí wá ló yẹ kó mọ̀ kó tó sanwó?

Power supply ni kó ṣíwájú

Power supply ni ẹ̀yà tó ń gba iná láti ara ògiri, tó sì ń pín in fún gbogbo ẹ̀yà tó kù. Òun náà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń rà ní gbàǹjo kí owó lè ṣẹ́kù fún graphics card.

Àṣìṣe ńlá nìyẹn. Bí iná bá lọ, tó sì padà dé pẹ̀lú agbára tó ju bó ṣe yẹ lọ, power supply tó dára yóò gbìyànjú láti pa ara rẹ̀ kí wàhálà náà má bàa dé ọ̀dọ̀ àwọn yòókù. Èyí tí kò dára lè kó gbogbo wọn lọ.

Àmì 80 Plus tó máa ń wà lára rẹ̀ ń sọ bí kò ṣe ń fi iná ṣòfò tó. Àmì náà kò sọ pé yóò pẹ́. Iye ọdún gáráńtì ló yẹ kí ènìyàn wò, nítorí pé àwọn tó dára máa ń ní ọdún méje tàbí mẹ́wàá.

Nvidia ní kí ẹni tó bá fẹ́ lo RTX 5090 ra power supply wáàtì 1,000, nítorí káàdì náà nìkan lè gba wáàtì 575. Ìdí nìyí tí jẹnẹrétọ̀ kékeré tí wọ́n ń pè ní 'I better pass my neighbour' kò fi lè gbé e.

Ó tún yẹ kí UPS wà láàrin ògiri àti kọ̀ǹpútà. Irú èyí tí wọ́n ń pè ní pure sine wave ló bá power supply òde òní mu jù. Iṣẹ́ UPS ni láti fún ènìyàn ní ìṣẹ́jú díẹ̀ tí yóò fi tọ́jú ohun tó ń ṣe, kó sì pa ẹ̀rọ bó ṣe yẹ.

Ooru, eruku àti ọ̀rinrin

Nínú power supply àti àwọn ẹ̀yà mìíràn ni kápásítọ̀ wà. Àwọn kan lára kápásítọ̀ yìí ní omi nínú, ooru sì máa ń mú kí omi náà gbẹ díẹ̀díẹ̀. Ìṣirò tí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ń lò ni pé bí ooru bá fi 10°C dín kù, ọjọ́ ayé irú kápásítọ̀ bẹ́ẹ̀ yóò tó ìlọ́po méjì.

Nítorí náà, àpótí kọ̀ǹpútà tí iwájú rẹ̀ ní ihò wẹ́wẹ́ tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé sàn ju èyí tí wọ́n fi gíláàsì dí pa. Ó yẹ kí asẹ́ wà níwájú fáànù, kí wọ́n sì máa fọ̀ ọ́ déédéé, pàápàá lásìkò ọyẹ́.

Ní ti ẹ̀rọ tó ń mú processor tutù, èyí tó ń lo irin àti fáànù nìkan rọrùn láti tọ́jú. Bí fáànù bá kú, fáànù nìkan ni wọn yóò pààrọ̀. Èyí tó ń lo omi ní pọ́ǹpù tó lè bàjẹ́, omi inú rẹ̀ sì máa ń dín kù bí ọdún ṣe ń gorí ọdún.

Bákan náà, bí wọ́n bá gbé kọ̀ǹpútà láti yàrá tí AC ti mú tutù bọ́ sí ibi tó gbóná, omi lè sẹ̀ sára rẹ̀ bí ìrì. Kí wọ́n dúró fún wákàtí díẹ̀ kí wọ́n tó tan án.

Motherboard àti processor: Ṣé àyè wà fún ọ̀la?

Ẹ̀rọ tó máa pẹ́ gbọ́dọ̀ ṣe é tún ṣe. Lọ́dún 2017, ilé iṣẹ́ AMD bẹ̀rẹ̀ sí í ta processor Ryzen fún motherboard tí wọ́n ń pè ní AM4. Lọ́dún 2022, ilé iṣẹ́ náà gbé Ryzen 7 5800X3D jáde, ọ̀pọ̀ ẹni tó ti ra motherboard wọn láti 2017 sì lè lò ó láì ra òmíràn, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti ṣe àtúnṣe sí BIOS rẹ̀.

AM5 ló rọ́pò AM4 ní 2022. AMD ti sọ pé àwọn yóò máa ṣe processor fún un títí di ọdún 2027, ó kéré tán. Ní ti Intel, ojúko tí wọ́n gbé jáde ní 2021 ni wọ́n pààrọ̀ ní 2024.

Àmọ́ orúkọ ńlá nìkan kò tó. Lọ́dún 2024, Intel fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé iná tó pọ̀ jù ń ba àwọn kan lára processor ìran kẹtàlá àti ìkẹrìnlá wọn jẹ́. Wọ́n gbé àtúnṣe jáde, wọ́n sì fi ọdún méjì kún gáráńtì wọn. Àtúnṣe náà kò lè wo èyí tó ti bàjẹ́ sàn, nítorí náà kí ẹni tó bá fẹ́ ra tòkunbọ̀ irú rẹ̀ ṣọ́ra.

Graphics card, RAM àti SSD

Nínú graphics card, ìrántí rẹ̀ ló sábà máa ń kọ́kọ́ kéré jù fún géèmù tuntun. GTX 1080 Ti tó jáde ní oṣù Kẹta ọdún 2017 ní GB 11, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì ń lò ó títí di àsìkò yìí. GTX 1060 tó ní GB 3, tó jáde ní 2016, kò pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ kó tó di pé géèmù ń wúwo fún un. Ní báyìí, ẹni tó fẹ́ kí tirẹ̀ pẹ́ kò gbọdọ̀ ra ohun tó kéré sí GB 16.

Ó yẹ kí ó tún ti okùn iná káàdì náà wọlé dé ìdí. Láti 2022 ni ìròyìn ti ń jáde nípa RTX 4090 tí ojú okùn rẹ̀ yọ́, tí okùn tí kò wọlé tán sì wà lára ohun tó fà á.

RAM GB 32 tó fún ọ̀pọ̀ géèmù. Iye owó rẹ̀ lọ sókè gan-an ní ìparí ọdún 2025, nítorí pé àwọn ilé iṣẹ́ AI ń rà á lọ́pọ̀lọpọ̀.

Ní ti SSD, kò yẹ kí ẹ̀rù máa ba ènìyàn jù. Samsung 990 Pro TB 1 ní gáráńtì ọdún márùn-ún tàbí TB 600 tí wọ́n bá kọ sínú rẹ̀. Ẹni tó ń kọ GB 50 sínú rẹ̀ lójoojúmọ́ yóò lo ju ọgbọ̀n ọdún lọ kó tó dé ibẹ̀. Iná tó ń lọ lójijì ló léwu fún un jù.

Ṣé tòkunbọ̀ dára?

Ó lè dára, àmọ́ bí oníbàárà ṣe ń wo ìsàlẹ̀ agbọ̀n tòmátì kó tó sanwó, bẹ́ẹ̀ ló yẹ kí ẹni tó lọ sí Computer Village n'Íkẹjà ṣe. Kí ó ní kí wọ́n fi káàdì náà gbá géèmù fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú níṣojú rẹ̀. Áàpù ọ̀fẹ́ GPU-Z lè fi hàn bóyá káàdì náà jẹ́ ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀.

Kí ó sì béèrè ibi tí gáráńtì ti ń ṣiṣẹ́. Èyí tí wọ́n rà ní Dubai tàbí Amẹ́ríkà lè jẹ́ èyí tí wọ́n gbọ́dọ̀ dá padà síbẹ̀ kí wọ́n tó tún un ṣe.

Owó iná ńkọ́?

Ní oṣù Kẹrin ọdún 2024, àjọ NERC ní Nàìjíríà gbé owó iná àwọn tó wà ní Band A sí náírà 225 fún kilowatt kan ní wákàtí kan. Kọ̀ǹpútà tó ń gba wáàtì 600 fún wákàtí mẹ́rin lójúmọ́ yóò jẹ náírà 16,200 lóṣù ní iye yẹn.

Nítorí náà, bí owó kò bá tó, kí ènìyàn kọ́kọ́ ra power supply, UPS, àpótí àti motherboard tó dára, kó sì fi graphics card kékeré bẹ̀rẹ̀. Graphics card ṣe é pààrọ̀ bí owó bá dé. Àmọ́ bí power supply burúkú bá jó, ó lè má ku ohun tí wọn yóò pààrọ̀.