Kóńgò Láfún Kan

Ní ọjà Kútò, ìyá tó ń wọn láfún mọ̀ pé owó kóńgò yóò gòkè kí rédíò tó sọ ọ́. Òjò kò jẹ́ kí ẹ̀gẹ́ gbẹ, owó ọkọ̀ sì ti lé. Ó mọ ẹni tó yẹ kó fún ní ènì, ó mọ ẹni tí kò gbọdọ̀ tà fún ní àwìn. Ìdí nìyí tí àwọn àgbà fi ń rẹ́rìn-ín bí ọmọ bá ní òun fẹ́ lọ ka ètò ọrọ̀ ajé: "Ṣé ọjà títà náà ni wọ́n ń gba fọ́ọ̀mù lé lórí báyìí?"

Ọjà títà kọ́. Ohun tí ìyá náà ń fi ọkàn ṣírò ni wọ́n ń fi ìlà yà sínú ìwé: bí owó bá gòkè tó báyìí, kóńgò mélòó ni oníbàárà yóò dín kù? Wọn a tún kó owó ọjà ọ̀pọ̀ ọdún jọ, kí wọ́n lè mọ èyí tí òjò fà yàtọ̀ sí èyí tí epo ọkọ̀ fà. Econometrics nìyẹn. Ọmọ tó sá fún ìṣirò wá síbẹ̀, inú igbó ìṣirò gan-an ló sá wọ̀.

Ẹ jẹ́ kí ọmọ mẹ́ta yí kóńgò yẹn ká. Èyí tó ń ka Economics ọlọ́dún mẹ́rin ní Àgọ́-Ìwòyè, ní yunifásítì tí ìpínlẹ̀ Ògùn dá sílẹ̀ ní 1982, á béèrè pé kí ló dé tí owó láfún ń sáré tí owó oṣù ń wọ́. Ti Ìjagun, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ olùkọ́, ń ro bí òun yóò ṣe là á yé ọmọ SS2. Ti yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ ní Àlàbàtà, èyí tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1988, kò ní pẹ́ lọ́jà. Oko ló ń padà sí: éékà mélòó, lébìrà mélòó, ṣé kí àgbẹ̀ ta ẹ̀gẹ́ ní tútù ni, àbí kó rẹ ẹ́, kó sá a, kó tó gbé e wá sí Kútò? Ọdún márùn-ún ni tirẹ̀, oko ni wọ́n sì ń fi ọdún kẹrin ṣe.

Agricultural Economics ni wọ́n ń pè é, orúkọ náà ló sì ń tan òbí: "Economics ṣáà ni!" JAMB ò gbà bẹ́ẹ̀. Economics ń béèrè Gẹ̀ẹ́sì, ìṣirò, Economics àti ẹyọ kan sí i. Ti Àlàbàtà ń béèrè Kẹ́mísírì. Ọmọ tó bá ju Kẹ́mísírì nù ní SS1 nítorí olùkọ́ tó máa ń na ẹgba ti ti ilẹ̀kùn yẹn mọ́ ara rẹ̀, nígbà tí ìyá rẹ̀ kò tíì bẹ̀rẹ̀ sí í dá àjọ owó fọ́ọ̀mù.