Àpò Lẹ́yìn, Ó Di Àgbádárìgì

Ẹ̀yin ará wa tí ẹ ń gbé ní OPIC Estate, ẹ̀yin ti Mowe, ẹ̀yin ti Ibafo, àti ẹ̀yin ti Ifọ̀, ẹ̀yin ni mo ń bá sọ̀rọ̀. Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé náà, ẹ súnmọ́ tòsí, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín.

Ẹ óò ti rí i nínú àwòrán bí tọkọtaya òyìnbó ti máa ń gbé àpò ńlá kọ́ ẹ̀yìn, tí wọn óò máa fi ẹsẹ̀ rìn kiri inú ìlú àtijọ́ kan létí òkun, irú Kochi ní ilẹ̀ Íńdíà. Ọkọ a gbé tirẹ̀, ìyàwó a gbé tirẹ̀. Ibi tí ilẹ̀ bá ṣú wọn sí ni wọ́n ń sùn. Àwa a máa wò wọ́n bí ẹni tí kò rí iṣẹ́ ṣe. Èmi kò wò wọ́n bẹ́ẹ̀. Mo tilẹ̀ fẹ́ kí tọkọtaya kan láàrin yín gbé àpò kọ́ ẹ̀yìn ní ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì kan, kí wọ́n kọrí sí Àgbádárìgì, ìlú tí àwọn òyìnbó ń pè ní Badagry, kí wọ́n sùn síbẹ̀, kí wọ́n sì fi ẹsẹ̀ rìn ín ní ọjọ́ kejì. Ẹni tí ó bá fi mọ́tò gba inú ìlú náà kọjá kò tíì rí i. Ilé tí wọ́n ti ń ta ènìyàn, ilé tí wọ́n ti kọ́ ọmọ ní ìwé, àti ibi tí wọ́n ti kọ́kọ́ wàásù, ìwọ̀nba ìrìn ẹsẹ̀ ni ó wà láàrin wọn. Ẹsẹ̀ nìkan ni ó lè jẹ́ kí ẹ mọ bí wọ́n ti súnmọ́ ara wọn tó.

Ọ̀nà rẹ̀ kò le. Ẹni tí ó bá gbéra ní Mowe tàbí Ibafo yóò wọ ọkọ̀ dé Berger, láti Berger sí Oṣòdì, láti Oṣòdì sí Mile 2. Ibẹ̀ ni yóò ti rí ọkọ̀ Àgbádárìgì. Ẹni tí ó ti Ifọ̀ bọ̀ lè gba Sango Ọ̀tà, kí ó gba Atan àti Lusada yọ sí Agbára, kí ó sì bọ́ sí títì Àgbádárìgì láìwọ àárín Èkó rárá. Ohun tí ẹ óò kó sínú àpò kò pọ̀: omi, fìlà, aṣọ ìpààrọ̀ kan, owó wẹ́wẹ́, ìwé kékeré kan àti pẹ́ńsù. Kí bàtà jẹ́ èyí tí ó ti mọ ẹsẹ̀ yín tẹ́lẹ̀. Ẹ fi kúlà ìrẹsì sílẹ̀ nílé, ẹja kò wọ́n létí ọ̀sà.

Nígbà tí ẹ bá dé, ẹ rántí pé àlejò ni yín. Àwọn Ègùn ni ó ni ilẹ̀ náà. Wọ́n gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n èdè tiwọn wà lọ́tọ̀. Àkran ni orúkọ oyè ọba wọn, àdúgbò mẹ́jọ ni ìlú náà sì pín sí láti ìgbà láéláé, olúkúlùkù pẹ̀lú olóyè tirẹ̀. Ẹ kí àgbà kí ẹ tó béèrè ọ̀nà. Ẹ má ṣe ya àwòrán ojúbọ tàbí ti ènìyàn láìgba àṣẹ.

Ẹ óò nílò ẹni tí yóò mú yín rìn, ẹ sì san owó iṣẹ́ rẹ̀ fún un láìsí àríyànjiyàn. Ṣùgbọ́n ẹ bi í ní ìbéèrè. Bí àpẹẹrẹ, ní ọjà Vlekete, tí wọ́n ti ń ná ẹrú, ẹ lè gbọ́ pé ọdún 1502 ni ọjà náà ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn òpìtàn kò rí i bẹ́ẹ̀. Ọba Dàhọ̀mì ni ó ṣẹ́gun Allada ní ọdún 1724, tí ó sì gba Ouidah ní ọdún 1727. Àwọn tí ó sá fún ogun yìí ni wọ́n gba ìhà ìlà-oòrùn wá, àti láti nǹkan bí 1730 síwájú ni Àgbádárìgì di èbúté ẹrú ńlá. Èyí kò dín ìwà ibi náà kù. Ó kàn jẹ́ kí a mọ̀ pé ènìyàn ni ó dá a sílẹ̀ ní ọjọ́ kan, nítorí ìdí kan, kì í ṣe pé ó bá ayé wá.

Àwọn tí ń mú àlejò rìn sábà máa ń fi erékùṣù Gberefu parí rẹ̀, níbi tí wọ́n ń pè ní Ojú Àlọ-Ìdé. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ fi ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ìdí kan ni pé oòrùn ọ̀sán lórí iyanrìn náà kì í ṣe ohun eré. Ìdí kejì, ẹ óò rí i níwájú. Ẹ jí ní kùtùkùtù, ẹ wọ ọkọ̀ ojú omi kọjá ọ̀sà, kí ẹ sì máa fi ẹsẹ̀ wọ́ nínú iyanrìn lọ sí etí òkun. Kànga kan wà lójú ọ̀nà. Ìtàn ibẹ̀ ni pé omi rẹ̀ ni wọ́n ń fún àwọn ẹrú mu kí wọ́n lè gbàgbé ilé. Nígbà tí ẹ bá dé etí òkun, ẹ má ṣe sọ̀rọ̀ púpọ̀.

Bí ẹ bá ti padà sínú ìlú, ẹ lọ sí ilé Sẹ̀ríkí Williams Abass. Ọmọ Jọ́gà Orílẹ̀ lẹ́bàá Ìlaròó ni ọkùnrin yìí, ọmọ ìpínlẹ̀ Ògùn tiwa níhìn-ín. Wọ́n kó o lẹ́rú ní kékeré, ó di ọwọ́ àwọn ará Bùràsíl, ó kọ́ èdè wọn, ó padà dé, òun náà sì ń ta ẹrú. Ó di Sẹ̀ríkí Mùsùlùmí, ó sì kú ní ọdún 1919. Wọn óò sọ fún yín pé ogójì ènìyàn ni wọ́n ń kó sínú yàrá kan. Ẹ wọ yàrá náà, kí ẹ na ọwọ́ yín méjèèjì, kí ẹ fi ojú ara yín wò ó. Ní ilé àwọn Mobee, ẹ óò rí ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ fúnra rẹ̀. Ìdílé tí ó ṣòwò náà nígbà àtijọ́ ni ó ń fi í han ayé lónìí. Mo máa ń ronú pé irú ìgboyà bẹ́ẹ̀ kò wọ́pọ̀ láàrin wa, nítorí ìdílé tí ó ta ènìyàn kò tán sí Àgbádárìgì.

Níbi tí ọ̀rọ̀ owó bá ti wáyé, ẹ rántí àwọn tọkọtaya Íńdíà wa. Owó ẹyọ tí wọ́n fi ń ra ènìyàn kì í ṣe ohun tí òkun wa ń bí. Erékùṣù Maldives, ní gúúsù Íńdíà, ni ó ti ń wá. Àwọn oníṣòwò òyìnbó, Potogí, Dọ́ọ̀ṣì àti Gẹ̀ẹ́sì, a máa rà á ní àwọn èbúté ìhà Íńdíà, wọn a dà á sí ìsàlẹ̀ ọkọ̀ kí ìjì má bàa dojú ọkọ̀ dé, wọn a gbé e dé Yúróòpù, kí wọ́n tó tún kó o wá sí etíkun wa. Ogójì ni àwọn baba wa ń sin sí okùn kan. Àádọ́ta okùn di ẹgbàá, ẹgbàá mẹ́wàá di ọ̀kẹ́ kan, èyí tí í ṣe 20,000 ẹyọ, ẹrù orí ènìyàn kan gbáko. Potogí ni ó kọ́ odi sí Kochi. Níbẹ̀ ni Vasco da Gama kú sí ní ọdún 1524. Potogí kan náà ni ó ń ra ẹrú ní etíkun tiwa. Nítorí náà ẹni tí ń rìn ní Kochi àti ẹni tí ń rìn ní Àgbádárìgì, orí ọ̀nà òwò kan ṣoṣo ni wọ́n wà, wọ́n kàn di ìkángun méjèèjì rẹ̀ mú ni.

Ó kù ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Etí ọ̀sà ni ó wà, àwọn oníwàásù ìjọ C.M.S. ni wọ́n kọ́ ọ, ọdún 1845 ni wọ́n sì parí rẹ̀. Òun ni a ń pè ní pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Ẹ sọ àpò kalẹ̀ níwájú rẹ̀, kí ẹ kọjú sí omi, nítorí tọkọtaya kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀.

Ní ọjọ́ 17 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1845, Samuel Àjàyí Crowther àti Susan ìyàwó rẹ̀, tí orúkọ rẹ̀ àtilẹ̀wá ń jẹ́ Asano, gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì. Àwọn méjèèjì ni wọ́n ti kó lẹ́rú nígbà èwe. Ní ọdún 1821 ni wọ́n kó Àjàyí ní Òṣogùn, wọ́n tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí ó fi dé Èkó, wọ́n sì kó o wọ ọkọ̀ Potogí ní oṣù Kẹrin ọdún 1822. Ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì dá ọkọ̀ náà dúró lójú òkun, wọ́n sì kó àwọn ènìyàn inú rẹ̀ lọ sí Sàró. Asano náà, inú ọkọ̀ ẹrú ni wọ́n ti yọ ọ́. Ní Sàró ni wọ́n ti mọ ara wọn, ní ọdún 1829 ni wọ́n sì ṣe ìgbéyàwó.

Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, ẹ rò ó wò. Wọ́n ti bọ́. Wọ́n ní ilé àti iṣẹ́ ní Sàró. Síbẹ̀ wọ́n fi ẹsẹ̀ ara wọn padà wá sí etíkun tí òwò ẹrú kò tíì tán, nítorí Èkó ṣì ń ta ènìyàn nígbà náà. Ìparí ọdún 1851 ni ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì tó gba Èkó. Abẹ́òkúta ni wọ́n ń lọ. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ti dé ni wọ́n gbọ́ pé Ṣódẹkẹ́, olórí Ẹ̀gbá tí ó ṣe ìlérí láti gbà wọ́n, ti kú. Ogun Ẹ̀gbá àti Adó sì dí ọ̀nà. Ọdún kan àti ààbọ̀ ni wọ́n fi dúró ní Àgbádárìgì. Ọ̀nà tí ẹ óò fi wákàtí díẹ̀ rìn padà sí Ifọ̀ lónìí kò ṣeé gbà fún wọn.

Nígbà òjò ọdún 1846 ni wọ́n tó rí ọ̀nà lọ. Ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹjọ ọdún náà, ìyá Crowther, Àfàlá, tí ojú rẹ̀ kò kan ọmọ rẹ̀ fún ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, wá bá a ní Abẹ́òkúta. Crowther kọ ọ́ sílẹ̀ fúnra rẹ̀ pé ọ̀rọ̀ kò lè jáde lẹ́nu àwọn méjèèjì. Wọ́n kàn ń wo ara wọn, omi sì ń dà lójú ìyá náà. Ìdí kejì nìyí tí mo fi ní kí ẹ kọ́kọ́ lọ sí Gberefu, kí ẹ tó wá sí ibí. Ẹni tí ó bá parí ìrìn rẹ̀ sí etí òkun yóò gbà pé ojú ọ̀nà àlọ nìkan ni Àgbádárìgì. Ojú ọ̀nà àbọ̀ ni pẹ̀lú. Ọ̀pọ̀ Sàró ni ó gba ibẹ̀ wọlé lọ sí Abẹ́òkúta láti nǹkan bí 1839, àwọn ọmọ ọmọ wọn sì wà láàrin yín.

Bí wọ́n bá sọ fún yín pé inú pẹ̀tẹ́ẹ̀sì yìí ni Crowther ti túmọ̀ Bíbélì sí Yorùbá, ẹ gbà á ní ìdajì. Iṣẹ́ náà gùn púpọ̀: Ìwé Róòmù jáde ní ọdún 1850, odindi Bíbélì kò sì parí títí di àwọn ọdún 1880.

Ìwọ̀nba tí ó kù kò ní gbà yín lákòókò. Ẹ wo ibi tí igi Àgíà wà, níbi tí Thomas Birch Freeman ti wàásù ní ọdún 1842. Igi náà wó ní ọdún 1959, òkúta ìrántí ni ẹ óò bá. William de Graft àti ìyàwó rẹ̀ ni Freeman fi sílẹ̀ ní ìlú náà, ní ọdún 1843 ni wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ ilé-ìwé níbẹ̀. Tọkọtaya ni àwọn náà.

Ẹ gbéra kí oòrùn tó rẹlẹ̀. Kí ará Ifọ̀ sọ̀ ní Agbára, kí ó wọ ọkọ̀ Lusada; ará Mowe àti ti Ibafo, Mile 2 ni tiyín, ẹ sì di àpò yín mú dáadáa níbẹ̀.